Ọkọ Mi Ṣì Ń Gbẹ́ Ọkọ̀ fún Ọmọ Tí Òkun Gbé Lọ

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Ọmọ mi ti kú, n ò sì gbọ́dọ̀ sunkún rẹ̀ nínú ilé ara mi. Irú kí lèyí?

Iṣẹ́ igi lọkọ mi ń ṣe ní Ṣakí níbí. Kì í kan àga, kì í kan bẹ́ẹ̀dì. Ère kékeré ọkọ̀ ogun ayé àtijọ́ ló ń gbẹ́, irú èyí tí atẹ́gùn ń tì lórí òkun, tòun ti òpó gíga, aṣọ ìgbòkun àti ihò tí ẹnu ìbọn ńlá ń gbà yọ síta. Èkó ló ti kọ́ ọ nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tó gbé e wálé, àwọn ará àdúgbò rẹ́rìn-ín títí: "Ọkọ̀ òkun nílẹ̀ ọ̀dàn! Ṣé orí ebè iṣu lo ti fẹ́ wa á ni?" Àmọ́ àwọn èèyàn ń ti Ìbàdàn wá rà á, wọ́n ń gbé e sí pálọ̀.

Ràṣídì, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ló ń bá bàbá rẹ̀ so okùn òpó. Ṣùgbọ́n igi kọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀, omi ni. Ó gbéyàwó, mo rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ á balẹ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, ó ní òun ń gba ẹnubodè Ijio lọ sí Kútọnu, òun fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Bàbá rẹ̀ ṣàdúrà fún un. Ọjọ́ tó pè mí kẹ́yìn, ẹ̀rín ló ń rín: "Ìyá mi, mo ti ríṣẹ́ nínú ọkọ̀ o! Irin ni, kò rẹwà tó ti Bàbá."

Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ lọ ló dá padà wá. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú wa, kò lè gbórí sókè. Ó ní ọkọ̀ kékeré tó ń gbé wọn lọ bá ọkọ̀ ńlá ló dojú dé, ojú òun ni Ràṣídì ṣe rì. Ọkọ mi lé e jáde: "Òpùrọ́!" Láti ìgbà náà, kò ta ọkọ̀ mọ́. Ó kàn ń gbẹ́ ẹ ṣáá ni. Pálọ̀ kún, yàrá kún, ó ní ọmọ òun á wá yan èyí tó bá wù ú. Àwọn ẹbí ní ká ṣàdúrà òkú. Ó ní, "Ẹ ṣe tèmi mọ́ ọn." Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Tèmi kú, bàbá rẹ̀ ní ó rìnrìn àjò!

Ìyàwó Ràṣídì wá kúnlẹ̀ tì mí ní ìdí ààrò láìpẹ́ yìí. Ọkùnrin kan ní Àgọ́-Àrẹ fẹ́ fẹ́ ẹ. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé opó ni mí àbí ìyàwó ilé?"

Bí mo bá pè é ní opó, mo ti pa ọkọ mi. Bí mo bá pè é ní ìyàwó ilé, mo ti sin ọmọ ọlọ́mọ láàyè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n jù mí lọ, èwo ni kí n ṣe?