Lẹ́tà Ọ̀rẹ́ Mi Tí Mo Kì Bọ Àpò

Ẹ̀yin ará, mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ Bàbá Wòlíì kí n tó dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe àmín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, bóyá ẹ ò tiẹ̀ ní fẹ́ ṣe é mọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ èmi àti Délé. Ọjọ́ kan náà ni ilé iṣẹ́ aṣọ dá wa dúró, ọjọ́ kan náà la sì bẹ̀rẹ̀ sí í wáṣẹ́ kiri. Nítorí owó ọkọ̀, a ṣe àdéhùn: bí mo bá jáde lónìí, màá mú lẹ́tà tèmi àti tirẹ̀ dání, bó bá di ọ̀la, òun náà á mú méjèèjì. Ọ̀pọ̀ géètì ni Délé ti bá mi fi lẹ́tà sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó kàn mí, mo dé ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan, ẹni tó ń ṣọ́ géètì sọ fún mi pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá. Mo fi tèmi sílẹ̀. Mo ká ti Délé, mo kì í bọ àpò ṣòkòtò. Wọ́n gbà mí. Mo délé, mo sọ fún un pé lẹ́tà méjèèjì ni mo fi sílẹ̀, pé èmi ni wọ́n mú. Ó dì mọ́ mi, ó ń jó. Kò pẹ́ tó fi lọ ń wa yanrìn lódò, ẹni tí kò mọ̀wẹ̀. Odò gbé e lọ. Ẹ̀yin náà lẹ bá wa sin ín.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ mi, mo gbàdúrà aago méjìlá ọ̀sán níwájú pẹpẹ. Orúkọ Délé ni mo ń pè tí oorun fi gbé mi lọ lórí ẹní. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan fọwọ́ tọ́ mi. Ó ní, "Dìde, tẹ̀ lé mi."

A dé ẹnu géètì irin kan tó ń jó. Àwọn tó tò síbẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ nígbà ayé wọn. Wọ́n yọ ahọ́n síta, wọ́n ń tọrọ omi, ohùn kan sì ń dá wọn lóhùn láti inú: "Ẹ padà wá lọ́la." Mo bi amọ̀nà mi léèrè. Ó ní, "Wọ́n fi ọ̀la tan ọmọ ọlọ́mọ tó ń wáṣẹ́ títí ìsàlẹ̀ bàtà àwọn yẹn fi jẹ tán. Ibí yìí kò ní ọ̀la." Kí n tó mí, mo rí àwọn onírọ́, mo rí àwọn alágbèrè, iná ń yọ lẹ́nu wọn bí wọ́n bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ń ké, ilẹ̀ ń mì, mo fẹ́ sá, mo bojú wẹ̀gbẹ́, mo rí àyè kan tó ṣófo láàárín àwọn onírọ́, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju èjìká mi lọ. N kò bèèrè pé ti ta ni.

Ó fà mí lọ́wọ́, a gòkè. Ibẹ̀ tutù. Àwọn tó ti rìn títí láyé na ẹsẹ̀ wọn, ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n ní ìwé ẹ̀rí. Délé wà láàárín wọn, ara rẹ̀ gbẹ, ó mọ́. Ó ń sọ fún àwọn tó yí i ká pé, "Mo ní ọ̀rẹ́ kan láyé. Bí n kò bá jáde, á bá mi mú lẹ́tà mi lọ. Kò tàn mí jẹ rí." Mo kígbe, "Délé, irọ́ ni! Irọ́ ni, Délé!" Kò gbọ́. Ẹ̀yin ará, ó dùn mí ju ti ẹnu géètì yẹn lọ.

Amọ̀nà mi ní, "Ohùn rẹ kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní, "Olúwa mi, ojú ń tì mí."

Ó ní, "Àyè yẹn ṣì ṣófo o."

Ìyá Ìjọ ló jí mi, wọ́n ní mo ń ké bí ọmọdé.

Ìkìlọ̀ tí wọ́n fi rán mi rèé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Bí ẹ bá ṣẹ ẹnikẹ́ni, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì lè gbọ́. Èmi ti pẹ́ jù.

Ìyá Ìbejì, ìyàwó Délé, ẹ má dìde. Èmi ni kí n kúnlẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti sin ọkọ yín, ẹ kì í rí mi kí ẹ má sọ pé, "Ẹ ṣé, Bàbá Tóyìn, ẹ kú àdúrótì." Ẹ má kí mi bẹ́ẹ̀ mọ́. N kò dúró tì í.