Ìtànṣán Díẹ̀ fún Ọkàn Bàbá Mamasoli

Alága wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhiddin, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbààgbà Namangan, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, àti ẹ̀yin tó jẹ́ pé ìrẹsì plófù lẹ bá wá, mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi Hosiyat, tó ti ń fi ẹ̀rọ onítànṣán ya àwòrán ọkàn nílé ìwòsàn yìí láti ọdún mẹ́tàlélógún, ń fẹ̀yìn tì relé lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi da ìtànṣán lé àwọn èèyàn láyà bí ẹni ń bomi rin oko òwú. Mo mọ̀ pé àpọ̀jù rẹ̀ lè di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú. Kí ló wá dé? Ẹ̀rù Ọ̀jọ̀gbọ́n ni! Bí àwòrán bá rí hóró-hóró díẹ̀, wọ́n á ké: "Hosiyat, ṣé ọkàn nìyí àbí àwo ìrẹsì?" Ìtànṣán àpọ̀jù tí mo dà lé yín yẹn ń dùn mí títí dòní.

Nígbà tí mo wá kọ́gbọ́n, pé ká foògùn mú ọkàn rọlẹ̀, kí ẹ̀rọ tàn kìkì ìgbà tí ọkàn bá sinmi, kí ìtànṣán dín kù sí ìdámẹ́rin, kí àwòrán sì mọ́ kedere, ta ló dìde sí mi? Aláìsàn fúnra wọn! Bàbá Mamasoli tó jókòó lọ́hùn-ún yẹn wọlé tàwọn tàna méje.

"Ọmọ mi, o tan ìtànṣán rẹpẹtẹ fún Sotvoldi aládùúgbò mi níjọ́sí. Tèmi wá di ìdámẹ́rin? Ṣé torí mo wọ bàtà rọ́bà ni?"

Àwọn àna ń pariwo: "Ẹ fi kún un! Ẹ fi kún un!" Ọkàn Bàbá ń sáré, oògùn ò ràn án.

Mo bu tíì, ẹnu méjì péré, mo fọwọ́ kan lé àyà mi láti bọ̀wọ̀ fún wọn, mo gbé e fún wọn. "Bàbá, ta lẹ máa ń bu tíì kún ife fún nílé?"

"Ẹni tá a fẹ́ kó máa lọ ni."

"Ẹni tẹ́ ẹ bọ̀wọ̀ fún ńkọ́?"

"Díẹ̀díẹ̀ là ń bu fún un, kó lè pẹ́ lọ́dọ̀ wa." Bàbá wo ife, wọ́n wo ẹ̀rọ. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣé o ń lé Sotvoldi lọ nìyẹn?"

Ẹ̀rín pa wọ́n títí ọkàn wọn fi rọlẹ̀. Àwòrán mọ́ gaara, a rí iṣan ọkàn tó fẹ́ dí, àwọn dókítà là á, Bàbá sì wà láàyè.

Shuhrat, ìwọ lo gbapò mi. Mo ti rí i bó o ṣe ń wo bọ́tìnì tó ń fi kún ìtànṣán yẹn. Àṣejù, baba àṣetẹ́! Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ má jágbe mọ́ ọn kó má baà yí i sókè.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kọ́wọ́ yín gbọ̀n. Ẹ ò ní fi ojú sunkún ara yín. Àyà ti ń dun èmi náà láti bí oṣù méjì, mi ò sọ fẹ́nì kankan. Shuhrat, lọ́la laago mẹ́sàn-án, èmi laláìsàn tó o máa kọ́kọ́ tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ẹ ṣé o.