Ẹ̀wù Àyànkúnlé Ló Wà Lọ́rùn Mi

Lóyà Fèyísọ́lá, ẹ tan ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gba ohùn sílẹ̀ yẹn, kí ẹ má sì pa á títí n ó fi dákẹ́. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja, kò wọlé, kò sì jáde. Ẹ ní kí n wá jẹ́rìí pé ènìyàn rere ni Àyànkúnlé, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ṣe sójà, tí ẹ ń gbèjà rẹ̀ ní kóòtù nítorí ọkùnrin tí wọ́n yìnbọn pa ní Làìbéríà nígbà tí wọ́n rán wa lọ pẹ̀tù sógun níbẹ̀. Ènìyàn rere ni lóòótọ́. Òun kọ́ ló pa á. Èmi Adégbìtẹ́ ni.

Ẹ má tíì sọ nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ibà dá Àyànkúnlé dùbúlẹ̀, ó ń gbọ̀n lábẹ́ kúbùsù. Èmi ló kàn láti dúró lójú títì, kí n máa yẹ ìwé àwọn tó ń kọjá wò. Òjò kò jẹ́ kí ẹ̀wù mi tí mo fọ̀ gbẹ, ọ̀gá wa kì í sì í gbà kí sójà jáde láìwọ yunifọ́ọ̀mù pé. Mo mú ẹ̀wù Àyànkúnlé, mo wọ̀ ọ́, mi ò tọrọ rẹ̀. Kò sí tèmi-tìrẹ láàárín wa nígbà náà. Àmọ́ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n rán sí àyà ẹ̀wù náà.

Lọ́sàn-án, ọkùnrin kan ti kẹ̀kẹ́ dé, ìyàwó rẹ̀ pọn ọmọ tẹ̀lé e. Mo ní kó fi ìwé hàn mí. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìwé ni mo fẹ́ mú." Lọ́jọ́ tó ṣáájú, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti pa méjì nínú wa, inú ń bí mi. Ẹni tó bá pànìyàn nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ a máa ní òun rò pé ìbọn ni ẹni náà fẹ́ yọ. Èmi ò ní pa irọ́ yẹn. Ìwé ti jáde lápò. Mo rí i lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó yìn ín níbọn. Ìyàwó rẹ̀ kò sunkún. Ó tẹjú mọ́ àyà mi, ó ń ka orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ilé ìwé. Inú mi sì dùn, Lóyà, ẹ gbọ́ ìwà ìkà, inú mi dùn pé orúkọ mi kọ́ ló ń kà.

Nírọ̀lẹ́, mo fọ ẹ̀wù náà, mo sá a. Àyànkúnlé gbórí sókè, ó ní, "Adégbìtẹ́, o tún bá mi fọṣọ? Ọlọ́run á ṣe ẹ́ lóore." Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà dárúkọ rẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ó ní ibà ló dá òun dùbúlẹ̀, wọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n pè mí sí yàrá ọ̀tọ̀, mo ní òun ló dúró sẹ́nu iṣẹ́ dípò mi lọ́jọ́ náà. Ogun pa àwọn tí a jọ dúró lójú títì kí wọ́n tó bi wọ́n léèrè, kò sí ẹni tó máa já mi nírọ́. Wọ́n lé e kúrò níṣẹ́ láìgbẹ́jọ́. Kò fìgbà kan fura sí mi.

Mo rò pé ó ti parí. Àfi bí ọmọ tí obìnrin yẹn pọ̀n ṣe dàgbà, tó wá pe Àyànkúnlé lẹ́jọ́. Bí ọkọ̀ ọlọ́pàá bá ti kọjá ní Challenge níbi tí mo ń gbé, mo máa ń sá wọ yàrá. Gbogbo Jímọ̀ ni Àmúdàtù, ìyàwó Àyànkúnlé, ń gbé mọ́ínmọ́ín wá fún mi: "Bàbá Jọlá, ẹ̀yin nìkan lẹ ò sá fún wa." Mi ò lè lé Àmúdàtù, mi ò lè jẹ mọ́ínmọ́ín náà, mi ò sì lè dà á nù.

Ibi tó burú jù ló kù. Ẹ mọ̀ pé àrùn rọpárọsẹ̀ ti kó Àyànkúnlé níyè lọ. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ kí i nílé rẹ̀ ní Agbowó. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Adégbìtẹ́, mi ò rántí nǹkan mọ́. Ìwọ ò ní tàn mí. Ṣé èmi ni mo pa ọkùnrin yẹn?" Mo wò ó lójú, mo ní, "Ìwọ ni. Ọlọ́run á dárí jì ẹ́." Ó sunkún bí ọmọdé. Ó ti gbàgbé orúkọ Ṣemílóore, ọmọ tó bí, kò gbàgbé ohun tí mo sọ fún un. Ohun náà ló fẹ́ lọ sọ ní kóòtù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, pé òun jẹ̀bi.

Láàárọ̀ yìí, mo kọ́kọ́ lọ sọ òótọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa mí lórí. Ó ní, "Má parọ́ nítorí mi. Ọ̀rẹ́ bíi tìẹ ṣọ̀wọ́n."

Kí ẹ̀yin náà má baà rò bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mú èyí wá. Ìwé tí mo gbà lọ́wọ́ òkú nìyí. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ wọn ni, òun nìkan ló rí mú jáde lápò. Ẹ ka orúkọ tó wà níbẹ̀: Mark. Òun náà ló pe ẹjọ́ yìí.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wọ yunifọ́ọ̀mù lónìí, tí ẹ ó gbọ́ ohùn yìí, bí ẹ bá bọ́ ọ tán, ohun tí ẹ fi ṣe kò ní bọ́. Lóyà, Àmúdàtù jókòó síta, ó rò pé mo ń gba ọkọ òun sílẹ̀. Ẹ pè é wọlé kí n tún un sọ lójú rẹ̀. Mo fẹ́ kó dárí jì mí, àmọ́ kó má sọ ọ́ lónìí. Kó kọ́kọ́ sáré lọ bá ọkọ rẹ̀, kó sọ fún un pé òun kọ́ ló pa ọkùnrin yẹn. Bóyá yóò gba tirẹ̀ gbọ́.