Kọ̀ǹpútà tí Ẹ̀rù Kò Jẹ́ Kí N Ká Sẹ́yìn

Ògo! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi pariwo ògo, torí ohùn tèmi ti há. Ògo fún Ọlọ́run tí kì í rẹ̀! Àwa ló máa ń rẹ̀, kì í rẹ Òun. Ẹ jẹ́ kí n fẹ̀yìn ti òpó yìí sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ mi kò tíì sinmi láti ọjọ́ Ajé.

Gbogbo yín lẹ mọ ìyá mi, Ìyá Àgbà tó máa ń jókòó sí bẹ́ǹṣì kejì lápá òsì. Obìnrin yẹn ni ìwé ilé wa. Ìtàn bí àwọn baba wa ṣe tẹ̀dó sí Igbotako yìí, àlọ́ ìjàpá, orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ẹnu rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà, àlọ́ rẹ̀ ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo wá wò ó pé ẹnu àgbà kì í ṣe àpótí tí èèyàn lè tì pa. Ó yẹ kí n tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí.

Bí mo ṣe ra kọ̀ǹpútà alágbèéká ní Òkìtìpupa nìyẹn. Kì í ṣe irú èyí tí olówó ń rà, kì í sì ṣe pàǹtí. Àárín ni. Ẹni tó tà á ní, "Bàbá, ọrùn èyí ń yí o. Ẹ lè ká a sẹ́yìn pátápátá, á di wàláà lọ́wọ́ yín, ẹ ó sì máa fi ìka tẹ ojú rẹ̀." Mo gbé e délé. Ìyá Ìlérí, ìyàwó mi, wò ó títí, ó ní, "Bàbá Ìlérí, ẹ má dán an wò. Ilẹ̀kùn tó bá ṣí kọjá ògiri, ìdè rẹ̀ ti já nìyẹn." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mi ò ká a rí. Ọ̀rá tó bá a wá láti ilé ìtajà gan-an, mi ò ṣí i kúrò lójú rẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà òjò, Ìyá Àgbà ń pàlọ́, kọ̀ǹpútà ń gbà á sílẹ̀. Kí n má parọ́ níwájú pẹpẹ: ó ṣe dáadáa dé ìwọ̀n. Ohùn ìyá mi mọ́ nínú rẹ̀ bí omi àmù. Bátìrì rẹ̀ a máa gbé àlọ́ mẹ́rin, márùn-ún, kó tó béèrè iná, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iná ládùúgbò wa, ká fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wúwo ju bí wọ́n ṣe wí lọ. Ó máa ń gbóná lórí itan. Bí mo bá ṣí iṣẹ́ méjì pọ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí àgbà tó gun òkè. Ìyá mi á ní, "Ọma mi, ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni? Jẹ́ kó sinmi."

Ẹ̀yin ará, ìdí iná tó fi ń yan ẹ̀gẹ́ púpurú ni ìyá mi wà lọ́jọ́ kan tó fi ṣubú. Rọpárọsẹ̀ ni. Apá ọ̀tún kọṣẹ́, ahọ́n dì. Dókítà ní, "Tíṣà, màmá á yè é. Ṣùgbọ́n ní ti ọ̀rọ̀ sísọ, mi ò lè ṣèlérí." Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo ilé! Ó wá di pé á kàn máa wò mí, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀.

Mo ní kò burú, ohùn rẹ̀ ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rù wá bà mí kí nǹkan má baà ṣe òun náà. Mo gbé e wá síbí fún ìyàsímímọ́. Ẹ mọ àṣà wa: ọ̀kadà tuntun, ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́, omi mímọ́ kì í fo ọ̀kankan dá. Ẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Wòlíì wọ́n omi sí i, gbogbo wa ṣàmín. Èmi fúnra mi ni mo ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, kí ìbùkún lè wọnú. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi.

Lọ́jọ́ kejì tí mo tan án, lẹ́tà kan ṣoṣo ló ń tẹ ara rẹ̀, kò dáwọ́ dúró. Bọ́tìnnì yòókù ti kú. Mi ò lè tẹ páswọ́ọ̀dù, láìsí páswọ́ọ̀dù kò sì ní ṣí. Ohùn ìyá mi wà nínú ilé, kọ́kọ́rọ́ kán sẹ́nu ọ̀nà.

Mo gbé e lọ sí Ìlútítun. Ọkùnrin tí mo bá níbẹ̀ ní, "Màá fọ inú rẹ̀ dànù, á di tuntun."

Mo ní, "Ohùn ìyá mi tó wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Bàbá, ìyẹn kì í ṣe wàhálà. Ẹ ní kí wọ́n tún un sọ."

Kí wọ́n tún un sọ! Mo gbé kọ̀ǹpútà mi kúrò níwájú rẹ̀. Mo gba Ode-Irele lọ lórí ọ̀kadà. Wọ́n ní kò sí bọ́tìnnì irú rẹ̀, kí n máa retí. Mo retí. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù kan. Mo gbààwẹ̀. Ìyá Ìlérí ní, "Ṣé kì í ṣe ọ̀tá ilé báyìí?" Mi ò lókun àtibínú sí ọ̀tá kankan. Ó rẹ̀ mí dé ibi tí àdúrà mi kù sí ọ̀rọ̀ kan. Màá ní, "Bàbá," màá sì sùn lọ.

Lọ́jọ́ Ajé yìí ni mo tún gbé e lọ sí Òkìtìpupa. Obìnrin kan ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn elépo. Ó wò ó, ó wò mí. "Bàbá, ta ló wẹ kọ̀ǹpútà yín?"

"Omi mímọ́ ni, sístà."

"Ó mọ́ lóòótọ́. Bọ́tìnnì ló pa." Ó fi èékánná ká ọ̀rá ojú rẹ̀ kúrò. "Ọ̀rá ṣì wà lójú rẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ tún un tà ni?" Ló bá di ìdérí mú, ó ń tì í sẹ́yìn.

Mo fò dìde. "Sístà, ó máa ṣẹ́!"

"Bàbá, ọrùn tó ń yí lẹ rà. Kí lẹ wá ń fi í ṣe?"

Ó tì í, ó tì í, títí ẹ̀yìn fi kan ẹ̀yìn. Ẹ gbọ́! Lẹ́tà tó ń tẹ ara rẹ̀ dákẹ́. Ó ní bí wọ́n bá ti ká a báyìí, àwọn bọ́tìnnì á sùn, lẹ́tà á sì jáde sójú gíláàsì. Wọ́n jáde! Mo fi ìka tẹ páswọ́ọ̀dù mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ṣí! Ògo! Arábìnrin náà kò jẹ́ kí n dìde títí ó fi da gbogbo ohùn náà sínú fláàṣì kékeré méjì tí mo lè fi sápò.

Oòrùn ń rẹlẹ̀ nígbà tí mo délé. Mo gbé kọ̀ǹpútà ka iwájú ìyá mi, mo tẹ̀ ẹ́ bí òrùlé ahéré, kó dúró fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ jáde: "Ààlọ́ o!" Ìyá mi wò ó. Ẹnu rẹ̀ tó wọ́ sápá kan mì. Ó mì lẹ́ẹ̀kejì.

"Ààlọ̀," ó ní.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ṣubú! Òun fúnra rẹ̀ ló pe àlọ́, òun fúnra rẹ̀ ló gbè é. Ìyá Ìlérí ju ìgbálẹ̀ nù, ó dojúbolẹ̀.

Wòlíì wa ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé, "Tíṣà, ẹ forí jì mí, èmi ni mo da omi." Mo ní èmi náà ni mo ṣí ìdérí. A ti fẹnu kò: láti ìsinsìnyí lọ, ọwọ́ ẹni tó máa lo ẹ̀rọ la ó máa wọ́n omi sí.

Bí ẹ bá bi mí bóyá kọ̀ǹpútà yìí yẹ ní rírà, màá ní ó ṣì wúwo, ó ṣì ń gbóná, bọ́tìnnì rẹ̀ ṣì kú. Ṣùgbọ́n nítorí ọrùn yẹn nìkan, màá tún un rà.

Ìwọ tó ti rẹ̀, tí wọ́n ní kí o fọ inú rẹ dànù kí o sì tún un bẹ̀rẹ̀, má tíì gbà. Kì í ṣe gbogbo ohun tó tẹ̀ sẹ́yìn ló ṣẹ́. Ọlọ́run tó gbọ́ "Bàbá" kan ṣoṣo lẹ́nu mi á gbọ́ tìrẹ. Mo dúpẹ́, ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ sílé. Àlọ́ ọ̀la ṣì kù, ìyá mi ní láti gbè é.