Pánẹ́ẹ̀lì Tí Wọ́n Pè Mí Sí Ní Òṣogbo

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ìjókòó. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú mi lọ sí Òṣogbo, tó mú mi bọ̀, tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì ṣì ń gbé mi dúró níwájú yín. Ògo ni fún un! Mo rí ẹni tó ń wo aago lẹ́yìn yẹn o. Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀rí tèmi kò gùn, àmọ́ kò ṣe é gé.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé tíṣà ni mí ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Yorùbá ni mo ń kọ́ wọn. Ó ku oṣù mẹ́fà kí n fẹ̀yìn tì. Tíṣà tó bá ku oṣù mẹ́fà fún, bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́ ló ṣe ń rìn. Kò fẹ́ pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kò fẹ́ na ọmọ ẹnikẹ́ni, kò fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sínú ìwé kankan. Mo mọ arábìnrin kan tí wọ́n pè sí pánẹ́ẹ̀lì nígbà tó ku ọdún kan péré fún un. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà níbí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Tí wọ́n bá ti ní kí èèyàn wá sí pánẹ́ẹ̀lì, ẹ̀sùn ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á tò bí adájọ́, wọ́n á máa bi ọ́ ní ìbéèrè tí wọ́n ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Arábìnrin náà kò padà sí kíláàsì mọ́.

Èmi náà sì ní ohun tí wọ́n lè fi mú mi. Nígbà họlidé tó kọjá, àwọn onífíìmù kan wá ya fíìmù ní ilé ìwé wa. Ọjọ́ Sátidé ni. Ọ̀gá wa ò sí nílé, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ọ̀gá mọ̀ sí i, mo ṣí géètì. Mi ò bèèrè lẹ́tà. Èmi tí mo máa ń bèèrè lẹ́tà lọ́wọ́ ọmọ tí eyín ń dùn! Nǹkan mìíràn ló gba ọkàn mi. Wọ́n ní ará Ìjẹ̀ṣà ni ìyá inú fíìmù náà, ẹ wá gbọ́ ohun tí obìnrin tó ń ṣe ìyá ń sọ: "ilé," "iṣu," "iyán." Mo ní rárá o. Ìyá Ìjẹ̀ṣà wo ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn? Ulé ni, uṣu ni, uyán ni. Bí mo ṣe gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò nìyẹn, tí mo ń tún un ṣe fún wọn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n fún mi ní mínírà kan, mo mu ún. Mínírà yẹn ló wá dà mí láàmú jù nígbà tó yá, torí wọ́n lè pè é ní rìbá.

Oṣù díẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ Ajé kan, mo jókòó ní yàrá àwọn tíṣà, fóònù mi dún. Ohùn ọmọbìnrin kan ni. Ó ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Òṣogbo ni. Wọ́n ti fi orúkọ yín sí pánẹ́ẹ̀lì ti Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lórí fíìmù tí wọ́n yà ní ilé ìwé yín." Mo bi í pé ta ló fún un ní nọ́ńbà mi. Ó ní, "Mísísì Àjàyí ni, Mà." Mo pa fóònù. Mo ti nọ́ńbà náà kó má lè wọlé mọ́. Nígbà tó fi nọ́ńbà mìíràn tẹ orúkọ hóòlù àti aago mẹ́wàá àárọ̀ ránṣẹ́, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ti ìyẹn náà.

Gbogbo yín mọ Mísísì Àjàyí. Ìṣirò ló ń kọ́ wọn ní ilé ìwé wa, ìjókòó kejì lẹ́yìn mi ló sì máa ń jókòó sí nínú ìjọ yìí. Àbúrò mi ni lọ́jọ́ orí. Mo wá rántí ọjọ́ tí a pín kíláàsì, tí mo yára gba èyí tí fáànù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó kàn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo ní, àṣé ẹ̀rín yẹn! Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Láti ọjọ́ náà ni ojú mi ti là sílẹ̀ kedere. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ọsàn wá fún mi. Mo dúpẹ́, mo gbé e délé, mo da òróró àdúrà lé e lórí kí n tó lọ jù ú sí ààtàn. Ọsàn tó dáa! Nígbà tó tún ṣe, ó sún mọ́ mi, ó ní, "Màmá Ṣeun, kí lẹ máa wọ̀ lọ́jọ́ yẹn? Ẹ wọ àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ o, wọ́n máa yà yín." Mo wò ó. Kí wọ́n yà mí bí ọ̀daràn? Mo ní, "Ọlọ́run ló máa wọ̀ mí láṣọ." Ó ní, "Àmín, Mà," ó sì dì mọ́ mi. Èmi dúró gbagidi bí òpó.

Bàbá Ṣeun rí i pé mi ò jẹun. Ó ní, "Ṣé o ti bi wọ́n léèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́?" Ẹ̀yin ọkùnrin! Ẹni tó gbẹ́ kòtò sílẹ̀ deni, ṣé òun lèèyàn ń bi bó ṣe jìn tó?

Nígbà tó di Ọjọ́rú, tí pánẹ́ẹ̀lì ku ọ̀la, mo wá sí ìpàdé àdúrà níbí. Mo kọ orúkọ Mísísì Àjàyí sínú bébà, mo ká a sí mẹ́rin, mo jù ú sínú àpótí ẹ̀bẹ̀. Ohun tí mo kọ sábẹ́ orúkọ náà, mi ò ní kà á fún yín. Mo kàn ní kí Ọlọ́run gbé e kúrò lọ́nà mi, mo sì sọ ibi tí mo fẹ́ kó gbé e lọ. Pásítọ̀ ní kí kálukú di ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú. Mo na ọwọ́ sọ́tùn-ún. Ta ni mo bá? Òun ni! Ó pẹ́ dé, wọ́n ti gba àyè rẹ̀ lẹ́yìn. Ó bi mí pé kí ni ká gbàdúrà lé lórí. Mo ní ọ̀tá ibi iṣẹ́ ni. Ẹ̀yin ará, obìnrin yìí fẹsẹ̀ janlẹ̀! Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dí ọ̀nà Màmá Ṣeun, kí iná Ọlọ́run sọ̀ kalẹ̀ sórí onítọ̀hún! Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Mo ṣe àmín. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀meje. Inú mi dùn pé ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ pe iná.

Ilẹ̀ mọ́, ó di Ọjọ́bọ̀. Mo wọ síkẹ́ẹ̀tì dúdú. Mo kó lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ mi, sátifíkéètì mi àti gbogbo lẹ́tà ìgbéga mi sínú ẹnfílópù. Mo wọ mọ́tò láti Iléṣà, mo bọ́ sílẹ̀ ní Old Garage. Ọlọ́kadà kan ní, "Màmá, ṣé ibi fíìmù yẹn lẹ ń lọ?" Mo ní, "Pánẹ́ẹ̀lì ni mò ń lọ." Ó ní, "Ibẹ̀ náà ni." Ọlọ́kadà pàápàá ti gbọ́!

Ní Alékúwodò, èrò kún iwájú hóòlù náà. Báńdì ń kọrin, jìtá ń ké, àwọn ọ̀dọ́ ń jó. Mo ní, ṣé kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ẹkún mi ni wọ́n ṣe gbé báńdì wá? Ọmọbìnrin kan tó wọ híjáàbù sáré wá, ó kúnlẹ̀. "Alihamudulilahi, Màmá, ẹ ti dé! Èmi Ráfíátù ni mo pè yín. Gbogbo bí mo ṣe ń pè yín lẹ́yìn ìyẹn, kò wọlé." Ó fi okùn kọ́ káàdì kan sí mi lọ́rùn, orúkọ mi hàn gàdàgbà lára rẹ̀. Mo ní ó parí, wọ́n ti sàmì sí mi.

Wọ́n mú mi gun orí pèpéle. Wọ́n gbé omi síwájú mi, mi ò mu ún. Mo wo ìlà kejì nísàlẹ̀, Mísísì Àjàyí ni mo rí! Ó gbé fóònù sókè, ó ń yà mí. Mo ní ẹlẹ́rìí ti dé, ó tún mú ẹ̀rí dání.

Ọ̀gbẹ́ni onígíláàsì tó ń darí ètò gbé máìkì sún mọ́ mi. Ó ní, "Màmá, ẹ sọ fún gbogbo ilé, kí lẹ ṣe sí fíìmù yìí?" Mo dìde. Òyìnbó tí mo ti kọ́ sórí láti ilé sá lọ, Yorùbá inú ìwé náà sá lọ, ohùn ìyá mi nìkan ló kù. Mo ké, mo ní, "Uṣẹ́ mi o! Ẹ má gba uṣẹ́ mi! Mínírà kan ṣoṣo ni mo mu!" Ẹnfílópù já bọ́, sátifíkéètì tú ká sílẹ̀.

Gbogbo hóòlù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni náà ní, "Ẹ gbọ́ ọ! Ẹ gbọ́ bí Ìjẹ̀ṣà ṣe ń dún!" Wọ́n rò pé eré ni mò ń ṣe.

Àṣé àjọ̀dún fíìmù ni! Pánẹ́ẹ̀lì tiwọn kì í ṣe ti ẹjọ́. Ẹni tó mọ nǹkan ni wọ́n ń gbé jókòó kó sọ̀rọ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kọ́gbọ́n. Wọ́n ti wo fíìmù wa kí n tó dé, orúkọ mi sì jáde níparí rẹ̀: olùkọ́ èdè Ìjẹ̀ṣà. Lẹ́tà tí mi ò bèèrè ńkọ́? Ọ̀gá ti fọwọ́ sí i ṣáájú Sátidé yẹn, ó wà nínú fáìlì. Ọ̀gbẹ́ni náà tún ní àwọn ò mọ bí àwọn ṣe máa rí mi, Mísísì Àjàyí ló kàn sí wọn. Ó sọ fún wọn pé tíṣà kan wà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì, tó ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí irun rẹ̀ fi funfun, tí ẹnì kankan ò tíì gbé síwájú èrò kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un rí.

Ojú tì mí. Mo rántí ọsàn. Mo rántí iná. Ẹni tó fẹ́ dí ọ̀nà Màmá Ṣeun, àṣé èmi fúnra mi ni! Níwájú gbogbo èrò yẹn, mo gbójú sókè wo àjà, mò ń wò ó bóyá iná náà ti ń bọ̀.

Nígbà tí ètò parí, Mísísì Àjàyí gun orí pèpéle wá bá mi ṣa sátifíkéètì mi. Ó ní, "Màmá Ṣeun, kí ló dé tẹ́ ẹ wọ dúdú? Ṣebí mo sọ fún yín." Títí di àárọ̀ yìí, mi ò tíì sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Àbúrò mi, dìde níbi tó o jókòó sí. Bébà náà rè é. Mo lọ gbà á lọ́wọ́ Pásítọ̀. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ò ṣí i, Pásítọ̀. Ẹ ò ṣí i, àbí? Ó dáa. Orúkọ rẹ ló wà nínú rẹ̀, àbúrò mi. Ìwọ ni mo pè ní ọ̀tá. Jọ̀ọ́, foríjì mí. Mo ya á báyìí lójú gbogbo ìjọ.

Ẹ̀yin ará, ẹ máa ń wá síbí wá dúpẹ́ fún àdúrà tó gbà. Èmi, èyí tí kò gbà ni mo wá dúpẹ́ fún. Ká ní Ọlọ́run gbọ́ tèmi lọ́jọ́rú yẹn ni, ìjókòó kejì ì bá ṣófo lónìí. Ẹ gbé ògo fún Ọlọ́run tó di etí sí mi! Ẹ bá mi yọ̀, kí àwọn akọrin gbé e, ká jó! Ọsàn wà nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kárí gbogbo wa. Kí Mísísì Àjàyí kọ́kọ́ mú tirẹ̀. Mi ò da nǹkan kan lé e lórí.