Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Naimat ní Kíláàsì Ìṣirò

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ bíi tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó fún mi ní ìwé-ẹ̀rí, nítorí bí mo bá gbà á tán, ẹ̀rù ń bà mí pé n kò ní lè sọ ọ́ mọ́ láéláé. Orúkọ mi ni Kíkẹ́lọmọ. Ẹdẹ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń kọ́ṣẹ́. N óò gbìyànjú láti sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ibi tí kò bá ti dá mi lójú, n óò sọ bẹ́ẹ̀. Àṣìsọ máa ń bà mí lẹ́rù ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀rù yẹn ló sọ mí di òpùrọ́.

Ìṣirò kò yé mi tó. Mo ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ nígbà ìdánwò àṣejáde kí n tó ráyè wọ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, síbẹ̀ ẹ̀ka ìṣirò nìkan ni àyè ṣẹ́ kù sí. Nígbà tí wọ́n rán mi lọ fi ìkọ́ni dánra wò ní ilé-ìwé kan lọ́nà Sekona, fóònù ni mo gbára lé. Áàpù kan wà lórí rẹ̀ tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá ya fọ́tò ìbéèrè, yóò ṣe ìṣirò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé ni mo ti máa ń yà á. N óò dà á kọ, n óò há a sórí, n óò wá dúró níwájú àwọn ọmọ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ náà kò gbọdọ̀ mú fóònù wá sílé-ìwé. Èmi ni mo máa ń yẹ báàgì wọn wò.

Wọ́n ní kí n ṣe ìdánwò fún àwọn JSS 3. Máàkì rẹ̀ wà lára ohun tí wọn yóò fi yan àwọn tí yóò wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Naimat wà níbẹ̀, ọmọ àdúgbò Alajue, tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Nọ́ọ̀sì nítorí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe nìyẹn. Bí inú bá ń run ẹnikẹ́ni, wọn á ní kó lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ọwọ́ kọ ìbéèrè kan: 19 lọ́nà 45. Ìkọ̀wé mi kò dára, fóònù ka 9 náà sí 7, ó sì fún mi ní 765. N kò yẹ̀ ẹ́ wò. Òun ni mo fi máàkì ìwé wọn. 855 ni Naimat kọ. Ohun kan ṣoṣo tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni 900 yọ 45. Mo fagi lé e.

Nígbà tí mo pín ìwé, ó dìde. Ó ní kí n má bínú, bóyá òun ló ṣì í. Ó ní, “Mọ́kàndínlógún ni, mà. Ogún ó dín kan ni. Ogún lọ́nà márùndínláàádọ́ta jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, mo wá yọ márùndínláàádọ́ta kan kúrò. Bí ìyá àgbà ṣe kọ́ mi nìyẹn.” Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Kí n sọ pé mo ṣì í ló yẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, “Nọ́ọ̀sì ti gún tíṣà lábẹ́rẹ́.” Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, ń kọjá lọ, wọ́n yọjú lójú fèrèsé, wọ́n bi mí pé kí ló dé. Mo ní Naimat fi fóònù ṣe ìdánwò. Èmi, tí áàpù yẹn wà nínú báàgì mi.

Pẹ̀lúmi, tí a jọ ń dánra wò, nìkan ni mo jẹ́wọ́ fún. Ó ní, “Kíkẹ́, panu mọ́. Bí olùbẹ̀wò bá gbọ́ pé o kò lè ṣe ìṣirò JSS, wàá tún ọdún yìí ṣe ni. Ọmọ yẹn á rí kíláàsì mìíràn wọ̀.” Mo gbà á gbọ́ nítorí pé mo fẹ́ gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Láti oko gbágùúdá ni wọ́n ti wá, erùpẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé bi mí bóyá mo fi ojú ara mi rí fóònù náà. Wọ́n tún un bi mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo ní mo rí i. Naimat ń sunkún, ó ní fóònù kan ṣoṣo tó wà nílé àwọn ni ti bàbá òun, tọ́ọ̀ṣì nìkan ló sì wúlò lórí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ síwájú mi. Wọ́n ju ìyá tó bí mi lọ lọ́jọ́ orí, wọ́n sì kúnlẹ̀, wọ́n di ẹsẹ̀ mi mú: “Tíṣà, ẹ fojú àánú wò ó.” N kò dìde. N kò gbé wọn dìde. Àfi bí Naimat ṣe dákẹ́ ẹkún lójijì, tó ní, “Mo lò ó, mà. Irọ́ ni mo ń pa. Ìyá mi, ẹ dìde nílẹ̀.” Mo mọ̀ pé nítorí kí ìyá rẹ̀ lè dìde ló ṣe gba ohun tí kò ṣe, mo sì jókòó síbẹ̀, mo ń wo ilẹ̀. Wọ́n fún un ní òdo. Kò rí kíláàsì sáyẹ́ǹsì wọ̀.

Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀, mo lọ kí àwọn olùkọ́ ibẹ̀. Mo rí Naimat lójú pátákó, ó ń yọ 3 kúrò nínú 20, ó ń kọ ọ́ ní ìlà mẹ́rin, márùn-ún. Olùkọ́ tuntun bi í pé kí ló ń kọ tó báyìí. Ó ní, “Kí wọ́n má baà ní mo jí i ni, sà.” Ọ̀fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé ni mo gbà lọ tààrà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò bá ọ̀gá àgbà sọ ọ́, kí wọ́n lè dá ọmọ náà padà sí sáyẹ́ǹsì. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò tíì gbọ́ èsì. Wọ́n ní èmi fúnra mi ni yóò lọ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Mo lọ sí Alajue. Ìyá rẹ̀ kò bú mi. Ohun tí wọ́n bi mí kò ju ẹyọ kan lọ: “Ṣé ìwọ ti bímọ?” Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n máa lọ.

Mo ti sọ fún ilé-ẹ̀kọ́ mi náà. Bóyá wọn kò ní fún mi ní ìwé-ẹ̀rí mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùkọ́, n kò ní kí ẹ sọ fóònù nù. Ìmọ̀ mi kò tó láti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá gba ọ̀nà tí ẹ kò mọ̀ dé ibi tó tọ́, ẹ ní kó mú yín gba ibẹ̀, kódà bí gbogbo kíláàsì bá ń fi yín rẹ́rìn-ín. Naimat, mo tọrọ àforíjì, n kò sì ní bínú bí o kò bá fún mi. Ìwọ kò jí nǹkan kan. Bí wọ́n bá tún bi ọ́ léèrè, dákun, dá wọn lóhùn láti orí rẹ.