Àńjọ̀nú Inú Òrùka

Nínú ọkọ̀ tó ń ti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà ni mo ti gbọ́ ọ, tí ọkùnrin kan ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

"Àǹtí, àńjọ̀nú tí bàbá wa dè mọ́ òrùka, mo ti tú u sílẹ̀."

"Yéè! Kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan?"

"Ẹ ṣáà mọ ẹnu ẹ̀. Bí mo ṣe pè é, ó ní, 'Ọ̀gá tuntun, ẹ kú oríire o! Ta lẹ fẹ́ kí n pa?' Mo ní kó máa lọ sílé ẹ̀."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó wá ní, 'Nínú gbogbo ọlọ́gbọ́n tí mo ti sìn, ìwọ òmùgọ̀ yìí nìkan ló gbọ́n.' Ló bá lọ."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọlọ́run ṣeun. Àwọn ọmọ wa ò ní jogún ẹrú mọ́."